Má Dẹwọ́ fún Mi

Ọwọ́ ọkùnrin náà ni aránṣọ yìí kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì funfun báláú dé ọrùn ọwọ́, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà wọ́n yọ nínú àpò ìyẹ̀fun. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, nítorí ilé búrẹ́dì ló ti ṣíwọ́ iṣẹ́, kò sì ní sùúrù láti fọwọ́ kó tó gbá páàdì géèmù mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ta lórí bọ́tìnnì bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná.

Aránṣọ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kọ́tìnì tuntun ni ọ̀gá yàrá géèmù náà gbé fún un rán, kí oòrùn ọ̀sán má bàa máa pọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀ kò ju kó yọ ti àtijọ́, kó fi tuntun kọ́, kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ funfun yẹn kò jẹ́ kó wo ohun tó ń ṣe. Ó fa kọ́tìnì àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oòrùn ya wọlé, ó sì lọ dúró sójú tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú ọkùnrin náà.

"Yéè!" ni ọkùnrin náà ké.

Kí ojú rẹ̀ tó là, wọ́n ti gbá ẹni tó ń darí bọ́ kúrò lórí pèpéle. Gbogbo yàrá hó yèè.

Òfin yàrá náà kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí wọ́n bá nà, kó dìde fún ẹlòmíì. Kò sí àwíjàre, ìbáà jẹ́ oòrùn ló fà á.

"Ìyẹ̀fun, ó yá, gbéra!" ni ọ̀gá yàrá náà wí. Ọ̀gá Wáyà ni gbogbo wọn ń pè é. Iṣẹ́ wáyà ló ń ṣe kó tó ṣí yàrá géèmù, wáyà kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: wáyà ló fi so ọrùn fáànù, wáyà ló fi so ẹsẹ̀ tábìlì, wáyà ló sì fi so awò ojú ara rẹ̀ mọ́ etí.

Ìyẹ̀fun dìde, ó gbọn ọwọ́, ó sì kọrí sí ibi fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, aránṣọ. Ẹ ti lé mi kúrò lórí àga mi."

"Èmi kọ́, oòrùn ni. Ẹ jáde lọ bá a jà."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ìbínú kankan nínú ẹ̀rín ọ̀hún, ó sì ya aránṣọ lẹ́nu, nítorí àwọn ọkùnrin tó mọ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n na àwọn níṣojú obìnrin.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá gbìyànjú ẹ̀ wò," ni Ìyẹ̀fun wí, "kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ bà jẹ́."

Géèmù náà kò ṣòro lóye. Àwọn pèpéle kan so rọ̀ lójú òfuurufú, ènìyàn méjì sì ń jà lórí wọn. Bí wọ́n bá ṣe ń lù ọ́ tó ni ara rẹ á ṣe máa fúyẹ́ tó, títí ẹ̀ṣẹ́ kan á fi gbé ọ kọjá etí pèpéle. Bí o kò bá wá rí ọ̀nà fò padà, o já bọ́ nìyẹn, ẹ̀mí kan ti lọ nínú mẹ́ta tí wọ́n fún ọ. Aránṣọ mú ọmọbìnrin kan tó gbé agbòjò dání, kò sì ní ìdí méjì ju pé wọ́n rán yẹ̀rì rẹ̀ dáadáa. Ó tẹ páàdì síwájú. Ọmọbìnrin náà rìn, ó rìn, ó sì rìn kọjá etí pèpéle láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Aránṣọ, ilẹ̀ ti tán o!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín sì gba ilé kan.

Obìnrin náà dìde. Ó fi kọ́tìnì tuntun kọ́, ó kó ẹrù rẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó yíjú padà.

"Mò ń padà bọ̀ lọ́la."

"Ṣé kọ́tìnì ṣẹ́ kù ni?" ni Ọ̀gá Wáyà béèrè.

"Kọ́tìnì ò ṣẹ́ kù. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ padà wá bá."

Ó sì padà wá lóòótọ́. Bí òun àti ìyá rẹ̀ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn ní ìrọ̀lẹ́, á dé ọ̀hún pẹ̀lú okùn òwú lára aṣọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Wọ́n ń nà án, ó ń dìde. Wọ́n tún nà án, ó tún dìde, á lọ dúró sẹ́yìn, á kawọ́ gbera, á máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń jà lójú tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹsẹ̀ lẹ̀ ń wò," ni Ìyẹ̀fun sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Àwọn tó kù ń wo ẹ̀ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín."

"Kí lẹ máa gbà?"

"Ẹ bá mi rán apá ẹ̀wù iṣẹ́ mi tó ya."

Yíyọ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Wàá tẹ bọ́tìnnì ìfò, kí ẹsẹ̀ sì tó kúrò nílẹ̀ dáadáa, wàá tẹ bọ́tìnnì ìyẹra, wàá darí ọ̀pá páàdì sí ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ kan. Bí o bá ṣe é re, ẹni rẹ kò ní fò, kò sì ní rìn; á yọ̀ lọ lórí ilẹ̀ bí ẹni tó tẹ omi ọṣẹ. Bí o bá pẹ́ díẹ̀, á fò sókè gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí òmùgọ̀, wọ́n á sì gbá a dànù. Abẹ́rẹ́ fò bí òmùgọ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ni ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún yọ̀, ó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀gá Wáyà fi rò pé iná ti gbé e.

Lẹ́yìn yíyọ̀, ó kọ́ fífò kúkurú. Ó kọ́ bí èèyàn ṣe ń yára já wálẹ̀ láti òkè kí wọ́n má bàa bá a lójú òfuurufú. Ó kọ́ sísá-síwájú-sá-padà, tí wàá máa ṣe é títí ẹni tó dojú kọ ọ́ á fi nawọ́ sí ibi tí o ti kúrò. Ẹ̀yìn náà ni kọ́ńbò dé: fi agbòjò gbá a sókè, fò kúkurú, tún gbá a kó tó balẹ̀, yọ̀ lọ sí ibi tó fẹ́ bọ́ sí, kí o sì ti máa dúró dè é níbẹ̀.

Ohun kan wà tó ń bí Ìyẹ̀fun nínú. Bí wọ́n bá ti gbá Abẹ́rẹ́ jáde kúrò lórí pèpéle, ẹ̀rù á bà á, á sì lo ìfò ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tí èèyàn ní lójú òfuurufú, lójú ẹsẹ̀.

"Owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa fi padà sílé nìyẹn!" ni Ìyẹ̀fun á máa sọ. "Ṣé ẹ máa fi owó ọkọ̀ ra gúgúrú ni? Ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kó gbé yín wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ná, kẹ́ ẹ tó ná an."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo kàn máa ń di owó ọkọ̀ mi mú ni."

Ní ṣọ́ọ̀bù, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa yọ̀ lórí etí tábìlì. Ìyá rẹ̀ wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Kí ló ń jẹ ọ́ lọ́wọ́?"

"Kò sí, Mà."

Ọjọ́ kan ni àtàǹpàkò rẹ̀ bó níbi tó ti ń tẹ páàdì. Ìyẹ̀fun rí ẹ̀jẹ̀ lórí bọ́tìnnì, ó gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú síwájú iná láti wò ó. Ọwọ́ tirẹ̀ kún fún àpá ibi tí ààrò ti jó o. Ó ya etí aṣọ mímọ́ kan nínú àpò Abẹ́rẹ́, ó rọra wé e mọ́ àtàǹpàkò náà bí ẹni ń wé ẹyin. Kò yára, Abẹ́rẹ́ náà kò sì fẹ́ kó yára. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, pé kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i.

"Ọwọ́ yín gbóná," ló wí.

"Títí di ìgbà wo lo máa fi máa pè mí ní 'yín'? Ṣé ẹni tó fẹ́ gbá mi jù sísàlẹ̀ ló ń bọ̀wọ̀ fún mi tó báyìí?"

"Ó dáa. Ọwọ́ rẹ gbóná."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sìn ín dé ìkóríta tó yà sí ilé wọn. Búrẹ́dì kékeré kan á wà nínú àpò rẹ̀, á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á máa pín in jẹ bí wọ́n ṣe ń rìn.

"Abẹ́rẹ́, mo fẹ́ràn rẹ," ló sọ ní ìrọ̀lẹ́ kan, kò kọ́kọ́ palẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ rárá.

"Ṣé torí pé mo ń nà ọ́ ni?"

"O ò tíì nà mí rí."

"Màá nà ọ́."

"Nígbà yẹn gan-an ni ìfẹ́ á wá pa mí."

Abẹ́rẹ́ fi èjìká gbá a, ó sì fi ìka rẹ̀ kọ́ ìka rẹ̀. Wọ́n rìn kọjá ìkóríta láìmọ̀, wọ́n sì ní láti padà sẹ́yìn.

Obìnrin kan tó wá gba aṣọ ló tú gbogbo rẹ̀ fó. "Ìyá Aránṣọ, ẹ kú oríire o," ló wí, ẹnu rẹ̀ ń dùn. "Ọmọ yín mà ti di ọ̀gá láàárín àwọn ọkùnrin tó ń pariwo níbi géèmù. Òun àti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ni wọ́n jọ ń rìn."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí oníbàárà fi jáde. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú obìnrin tí ìyá yìí jẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí ọkọ ní kó wá máa gbé yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé àwọn, pé àwọn á máa ṣàánú rẹ̀. Ó ní rárá, ẹ ṣeun. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rù, ó pọn ọmọ, ó sì wá ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí agídí lára ọmọ, kò rà á lọ́jà.

"Géèmù," ni ìyá wí. "Ìwọ, àgbàlagbà obìnrin. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọwọ́ rẹ, o wá ń fi ọwọ́ náà tẹ nǹkan ìṣeré ọmọdé."

"Mà, iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò pẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Mi ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́! Ọkùnrin tó ń fi ọ̀sán gangan ta géèmù, kí ló fẹ́ fi ṣe ọkọ ẹni? Àwọn èèyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè rẹ́rìn-ín mi."

"Kẹ́ ẹ tó jí ni òun ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Mà. Ẹ ò rí i rí, ẹ sì ń dá a lẹ́jọ́. Ẹ wá wò ó. Ìdíje wà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ wá wo ohun tí ọwọ́ tí ẹ kọ́ ń ṣe."

Ìyá ká aṣọ kan, ó tú u, ó tún un ká.

"Màá wá. Tí o bá gbégbá orókè, mi ò ní sọ̀rọ̀ géèmù mọ́, kí ọkùnrin náà sì wá kí mi nílé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá nà ọ́, ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́, wàá sì sọ fún un kó máa bá tirẹ̀ lọ."

Ẹni tí orí rẹ̀ tutù á ní kí wọ́n fún òun láyè ronú. Abẹ́rẹ́ kò ronú rárá. "Mo gbà," ló wí.

Nígbà tó sọ fún Ìyẹ̀fun, búrẹ́dì dúró lẹ́nu ọkùnrin náà.

"O gbà? O mọ̀ pé èmi náà wà nínú ìdíje yẹn."

"Mo mọ̀. Tá a bá pàdé, má dẹwọ́ fún mi. Ṣé o gbọ́?"

Ìyẹ̀fun rẹ́rìn-ín, ó sì bu búrẹ́dì sí i lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ rò pé ìdáhùn nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé pé. Yàrá kún débi pé wọ́n gbé àga sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá jókòó níwájú pátápátá, ó nà ró, báàgì rẹ̀ lórí itan, kò sì gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ọ̀gá Wáyà jókòó tì í kó lè máa ṣàlàyé.

"Tó bá ti já bọ́ báyìí, Mà, ẹ̀mí kan ti lọ nìyẹn."

"Ẹ̀mí ta ni?"

"Ti géèmù ni, Mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ na ẹni tó ń ta fóònù. Ó na onígbàjámọ̀ tó ti máa ń fi í ṣẹ̀sín látìgbà tó ti rìn já bọ́ fúnra rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Ìyẹ̀fun náà ń na àwọn tirẹ̀, títí ó fi ku òun àti Abẹ́rẹ́ lórí àga méjì. Òun fi Àkùkọ Onírin tó máa ń mú nínú géèmù jà, obìnrin náà fi ọmọbìnrin alágbòjò. Ẹ̀mí lọ lọ́hùn-ún, ẹ̀mí lọ níhìn-ín, ó wá ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún àwọn méjèèjì. Ìyá ti sún síwájú lórí àga láìmọ̀.

Abẹ́rẹ́ yọ̀ wọlé, ó fi agbòjò gbá Àkùkọ jáde. Ẹ̀ṣẹ́ náà kò le, Àkùkọ kò sì jìnnà. Ohun tó kù fún un kò ju kó rọra, kó sún mọ́ pèpéle, kó fò, kó sì di etí rẹ̀ mú. Àmọ́ Àkùkọ fò lójú ẹsẹ̀, sí òfo, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lé e. Ìfò tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ó kọjá lábẹ́ etí pèpéle, ó sì bọ́ sọnù.

Yàrá hó bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí, Ọ̀gá Wáyà sì kéde Abẹ́rẹ́. Kí Abẹ́rẹ́ tó mí, ìyá rẹ̀ ti dìde, ó ti gbá a mọ́ra níṣojú gbogbo ayé, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tó ti já a lẹ́nu ọmú.

"Ọmọ mi! Mo rí i! Mo rí ọwọ́ rẹ!" Ó yíjú sí Ìyẹ̀fun. "Ìwọ, lọ́jọ́ Àìkú, kó o wá sílé. Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀."

Gbogbo ohun tí Abẹ́rẹ́ fẹ́ láyé ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi òun, àti ọkùnrin tó ń wo páàdì láti má wo ojú rẹ̀. Ẹlòmíì á dákẹ́, á rẹ́rìn-ín, á máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ yíjú sí ọkùnrin náà.

"Ìyẹ̀fun, kí ló dé tó o fi fò?"

"Ọwọ́ mi ló ṣì."

"Wò mí lójú. Ọwọ́ rẹ kì í ṣì níbẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, ọkàn mi, gbà á bẹ́ẹ̀. Nítorí tiwa ni."

"O rò pé mi ò lè nà ọ́."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ."

"Ó kù díẹ̀ kó o pàdánù mi báyìí." Omi ti lé sójú rẹ̀, inú ló sì ń bí i, kì í ṣe ìbànújẹ́. Ó gbóhùn sókè. "Ẹ má pariwo mọ́. Ẹ dákẹ́! Mi ò nà án. Ọkùnrin yìí dẹwọ́ fún mi."

Ìyá rẹ̀ jáwọ́ lára rẹ̀.

"Kí lò ń sọ?"

"Ẹ̀bùn ló fún mi, Mà. Mi ò fẹ́. Ọ̀gá Wáyà, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀."

"A ti kéde rẹ o, Abẹ́rẹ́," ni Ọ̀gá Wáyà wí.

"Ẹ kó ìkéde yín."

Ìyá padà jókòó sórí àga rẹ̀. "Adéhùn wa ò yí padà. Tí wọ́n bá nà ọ́…"

"Mo mọ̀, Mà." Ó jókòó, ó fa páàdì mọ́ra, ó sì sọ fún Ìyẹ̀fun láìwo ojú rẹ̀: "Tí o bá tún dẹwọ́, má wulẹ̀ sìn mí dé ìkóríta kankan mọ́."

Ìyẹ̀fun fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ìyẹ̀fun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kun ojú rẹ̀ funfun, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó mú páàdì.

Ohun tí wọ́n ta lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń sọ ọ́. Ọkùnrin náà jà bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ó ń yọ̀, ó ń sá síwájú, ó ń sá padà, ó ń fi kọ́ńbò gbé obìnrin náà láti pèpéle ìsàlẹ̀ dé ti òkè. Abẹ́rẹ́ ń gbà, ó ń dá a padà. Nígbà tí ọkùnrin náà gbá a jáde, Abẹ́rẹ́ di owó ọkọ̀ rẹ̀ mú, ó rọra, ó rọra, ó ná an nígbà tó yẹ, ó sì di etí pèpéle mú, gbogbo yàrá sì mí kanlẹ̀. Ó mọ ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, òun náà sì mọ tirẹ̀. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó sọ fún un ní ìkóríta tó dùn mọ́ ọn tó èyí. Ó ku ẹ̀mí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ sá síwájú, ó sá padà, Ìyẹ̀fun kò nawọ́. Ó dúró dè é. Ó yọ̀ sí ibi tí obìnrin náà fẹ́ bọ́ sí, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbá a lọ.

Kò sí ariwo. Ìyẹ̀fun gbé páàdì sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ dìde kúrò lórí àga gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó lọ dúró síwájú ìyá rẹ̀.

"Wọ́n nà mí, Mà. Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i."

"Mi ò sì ní ṣe ohun tí mo ṣèlérí." Kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Inú fùfù ni mo fi gbà á. Ọkùnrin yìí kì í ṣe aṣọ tí mo lè fi ta tẹ́tẹ́. Màá ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ bí mo ṣe ń ṣí i, iṣẹ́ kankan ò ní pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n màá máa wá síbí, màá sì fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá fẹ́ lù mí, Mà, ẹ lù mí."

Ìyá kò lù ú. Ó wo Ìyẹ̀fun tí ojú rẹ̀ funfun bí ti òkú.

"Ìwọ. O mọ ohun tí mo sọ. Kí ló dé tó o fi nà án?"

"Ó ní kí n má dẹwọ́ fún òun, Mà. Mo ti fi ọwọ́ parọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá tún un ṣe, kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ mọ́."

Ìyá gbé báàgì sí apá. Ó wo ọmọ, ó wo ọkùnrin, ó sì jáde láìsọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àwọn èèyàn rọra ń túká. Ọ̀gá Wáyà lọ ń tún wáyà kan tí kò bàjẹ́ ṣe ní igun yàrá.

"Ṣé o ṣì ń bínú?" ni Ìyẹ̀fun béèrè.

"Mò ń bínú gan-an. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹ̀n?"

"O gbọ́ mi."

"Màá fẹ́ ọ," ló wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Mi ò sì ní dẹwọ́ fún ọ mọ́ láyé."

"Ó dáa. Lọ fọjú rẹ."

Láti ọjọ́ kejì ni ṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́. Ìyá ń rán tirẹ̀, ọmọ ń rán tirẹ̀. "Ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" nìkan ló ń kọjá láàárín wọn. Nígbà tí gbogbo iṣẹ́ oníbàárà bá ti tán, Abẹ́rẹ́ á fa aṣọ funfun kan yọ lábẹ́ tábìlì, á máa rán an níṣojú ìyá rẹ̀, kò fi pamọ́, kò sì tọrọ gáfárà. Ìyá mọ̀ pé aṣọ ìyàwó ni. Aláìmọṣẹ́ pàápàá á mọ̀ ọ́n. Kò wò ó, ìyẹn ni pé ojúkójú ni kò fi wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ ń rán apá òsì aṣọ náà, ọwọ́ kan bọ́ sórí aṣọ, ó sì já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Irú rírán wo nìyí?" ni ìyá wí. "Èjìká yìí wọ́. Ẹni tó bá rí ọ á ní èmi ni mi ò kọ́ ọ níṣẹ́."

Abẹ́rẹ́ wo ibi tó nàka sí. Ó wọ́ lóòótọ́.

Ìyá jókòó sí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Ó tú ojú ìrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò ṣojú àánú sí i rárá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an padà.

"Mi ò tíì gbà o," ló wí lórí ariwo ẹ̀rọ.

"Mo mọ̀, Mà."

"Inú ṣì ń bí mi sí ọ."

"Mo mọ̀, Mà."

Ẹ̀rọ ń lọ. Abẹ́rẹ́ dúró tì í, kò mọ̀ bóyá kó jókòó tàbí kó máa dúró. Ìyá ge òwú, ó gbé èjìká aṣọ náà sókè síwájú fèrèsé, ó wò ó dáadáa, ó tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

"Kí lo tún dúró tì mí ṣe? Lọ pè é wá níbi búrẹ́dì yẹn kí n wọn ìbú èjìká rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ò ní wọ aṣọ tí ẹlòmíì rán."